Ọládélé Ajose: Dókítà tó gbé ìwòsàn lọ bá ará oko n'Ìlọrà

Bí wọ́n bá ń ka àwọn Yorùbá tó kọ́kọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì, wọn kò ní í kà á jìnnà kí wọ́n tó dé orí Ọládélé Adébáyọ̀ Ajose. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ orúkọ náà lónìí, nítorí Yunifásítì Ifẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, torí òun ni gíwá àkọ́kọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ náà ní. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ọkùnrin yìí ti dáwọ́ lé kó tó dé ìdí ọ̀rọ̀ Ifẹ̀, Ìlọrà tó wà lẹ́bàá ìlú Ọ̀yọ́ ló sì ti ṣe é. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń lu ìlù sí. Iṣẹ́ omi mímu ni, iṣẹ́ ṣáláńgá, iṣẹ́ aboyún àti ọmọ ọwọ́. Síbẹ̀, ìbéèrè tí Ajose gbé lọ sí Ìlọrà lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò nílẹ̀: kí ló dé tí àìsàn tí kò tó nǹkan nílùú fi ń di ikú fún ará oko?

Ọdún 1907 ni wọ́n bí Ajose n'Ílùú Èkó, sí ìdílé Ọmọba Thomas Ajose. Ó ṣe kòńgẹ́ pé ọdún yìí kan náà ni dókítà òyìnbó kan, George Green, àti ìyàwó rẹ̀, Lydia, dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló rán wọn wá. Kò sí ilé ìwòsàn kankan níbẹ̀ nígbà náà, dókítà yìí kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó bá wá bá a ni. Nígbà tó di ọdún 1923, wọ́n ti kọ́ ilé ìwòsàn fún un, ilé ìwòsàn náà sì ni baba èyí tó di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Bowen lọ́dún 2009. Ògbómọ̀ṣọ́ tipa bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn ìlú tó tètè rí dókítà ní gbogbo àyíká náà. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó wà láàárín ìlú, ẹni tó bá lè dé ibẹ̀ ló ń ràn lọ́wọ́. Ẹni tó wà ní abà, tí wọ́n ní láti gbé sórí àga tàbí sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé títì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bọ́ sórí kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ajose máa fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ jà fún.

Èkó tí Ajose dàgbà sí kì í ṣe ibi tí ọmọdé kò ti mọ ohun tí àjàkálẹ̀ àrùn ń jẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí àrùn lùkúlùkú wọ Èkó lọ́dún 1918. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wọlé, ọkọ̀ ojú irin ló sì gbé e gòkè lọ sí àwọn ìlú inú lọ́hùn-ún, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò. Nígbà tó tún di ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pẹ́ kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo ìgboro kún fún wolé-wolé, wọ́n ń wo inú ìkòkò omi, wọ́n ń wo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì ń ba ẹni tí àyíká rẹ̀ dọ̀tí wí. Ohun tó hàn sí gbogbo ènìyàn nígbà náà ni pé àdúgbò tí ilé ti fún mọ́ ilé, tí kò sí ojú àgbàrá, ni ikú ti ń pa ènìyàn jù.

Ilé ẹ̀kọ́ Methodist Boys' High School àti King's College, Èkó, ni Ajose lọ, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Scotland. Yunifásítì Glasgow ló ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì gba oyè dókítà lọ́dún 1932. Ọ̀pọ̀ dókítà ọ̀dọ́ ìgbà náà ló ń wá iṣẹ́ abẹ tàbí ilé ìwòsàn aládàáni, torí ibẹ̀ ni owó àti òkìkí wà. Ọ̀nà mìíràn ni Ajose gbà. Ó tún padà sídìí ìwé, ìlera aráàlú ló sì yàn láàyò, ìyẹn ẹ̀ka ìmọ̀ tí kì í dúró de aláìsàn kó tó ṣiṣẹ́.

Ìgbà tí ó padà wálé, abẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó ló ti ṣiṣẹ́. Kò sí dókítà aláwọ̀ dúdú tí kò mọ bí iṣẹ́ ìjọba ṣe rí láyé ìgbà náà. Láti ọdún 1902 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dá ẹgbẹ́ dókítà kan sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọn kò sì gba aláwọ̀ dúdú sínú rẹ̀, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ pọ̀ tó. Àwọn dókítà ọmọ ilẹ̀ yìí tó ríṣẹ́ ìjọba ṣe, ipò ìsàlẹ̀ àti owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi sí. Nígbà tí ọ̀gá bá sì wo ibi tí yóò kọ́ ilé ìwòsàn sí, àdúgbò tí àwọn òyìnbó àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbé ló kọ́kọ́ máa ń rí. Ìlú ńlá ló tẹ̀ lé e. Abẹ́ gbogbo rẹ̀ ni abúlé wà.

Ọdún 1948 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ajose wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí díẹ̀ tó di olùkọ́ àgbà níbẹ̀, nígbà tó sì yá, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìdènà àrùn àti ìlera àwùjọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ nígbà náà kò pọ̀ rárá ní gbogbo Áfíríkà. Òun ló ń darí ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn pé àìsàn kì í ti inú afẹ́fẹ́ ṣàdédé já bọ́. Àwọn Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́, àwọn ló ń pa á lówe pé bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Dókítà tó ń fún ọmọ lóògùn aràn lónìí, tó sì jẹ́ kó padà lọ máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn níbi tí wọ́n ń ṣe ìgbẹ́ sí, ẹ̀jẹ̀ èékánná ló ń nù, iná ṣì wà láṣọ.

Ibi tí ó ti fi ẹ̀kọ́ yìí dánra wò ni Ìlọrà. Ojú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ni ìlú náà wà, lágbègbè tó ti di ìjọba ìbílẹ̀ Afijió báyìí, pẹ̀lú Awẹ́, Fìdítì, Jóbẹ̀lẹ̀ àti àwọn mìíràn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀yọ́ kò jìnnà síbẹ̀, Ìbàdàn náà kò sì ṣàì ṣeé dé, síbẹ̀ ohun tó ń pa ènìyàn ní Ìlọrà àti àwọn abà tó yí i ká kì í ṣe ohun kan náà tó ń pa àwọn olówó Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni Ajose ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń kà sí ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìlera alábọ́ọ́dé dé ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìpìlẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ kò le láti yé: kí ìtọ́jú wà níbi tí ẹsẹ̀ lè gbé aboyún dé, kí ìdènà àrùn àti ìwòsàn wà lábẹ́ òrùlé kan náà, kí àwọn ará ìlú fúnra wọn lọ́wọ́ sí i, kí dókítà sì jáde lọ wo ilé, wo omi, wo oúnjẹ, kí ó tó di pé wọ́n gbé aláìsàn wá.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ dáadáa yóò mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Kò rọrùn láti fa ìlà sáàárín ará ìlú àti ará oko níbẹ̀. Àgbẹ̀ Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé sí agboolé baba rẹ̀ láàárín ìlú, ó sì tún ní ahéré sí abà. Abà ló ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún sí. Ọjọ́ ọdún, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ló ń mú un wálé, torí ilé làbọ̀ sinmi oko. Bí ìjọba bá kọ́ ilé ìwòsàn sáàárín ìlú, wọ́n á ní àwọn ti ṣe é fún un. Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí àìsàn bá dé, abà ló máa ń bá a, níbi tí kò sí nọ́ọ̀sì, tí kò sí ọkọ̀, tí omi adágún sì jẹ́ omi mímu.

Ẹ wo àrùn sòbìà bí àpẹẹrẹ. Omi adágún tí ẹlẹ́gbò sòbìà bá ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ni ẹlòmíràn ń mu tó fi ń kó o. Ó tó nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà kí aràn gígùn náà tó máa yọ lẹ́sẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ àsìkò tí iṣẹ́ oko ń pe olóko. Ọkùnrin tó yẹ kó máa kọ ebè yóò wà lórí ẹní fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iṣu kò ní í délẹ̀ lásìkò, owó kò ní í wọlé, ọmọ á kúrò nílé ìwé láti lọ dí àlàfo baba rẹ̀. Àìsàn á bí òṣì, òṣì á tún bí àìsàn. Kò sí abẹ́rẹ́ tó ń dènà sòbìà, kò sì sí oògùn tó ń pa á nínú ara. Kànga tó dára, aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi àti ìkìlọ̀ kí ẹlẹ́gbò má wọ odò, irú nǹkan báwọ̀nyí ló lè borí rẹ̀. Àwọn náà ló sì padà borí rẹ̀: ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní sòbìà ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di ọdún 2013, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé orílẹ̀-èdè yìí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí Ajose ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ rí. Abẹ tí kò mọ́ tí wọ́n fi gé ìwọ́ ọmọ tuntun lè kó tẹ́tánọ́ọ̀sì ràn án, ọmọ náà lè má lò tó ọ̀sẹ̀ méjì láyé. Èèyi tó mú ọmọ tó ń jẹun kánú lè má ju ibà ọjọ́ díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bó bá mú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, tó jẹ́ pé ẹ̀kọ lásán ló ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀wà àti ẹyin tó lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ wà lóko, àmọ́ wọ́n ń kó ẹyin lọ sọ́jà, àwọn àgbà sì máa ń sọ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè.

Ajose kò fojú kéré irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1957, ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó ń jẹ́ Africa, lórí ìdènà àrùn àti ìgbàgbọ́ asán ní Nàìjíríà. Ọmọ Yorùbá tó kàwé nílùú òyìnbó ni, ó mọ ohun tí òyìnbó kò mọ̀, ìyẹn ni pé ẹni tó gbà pé Ṣọ̀pọ̀nná ló ń bínú kò ní í kàn gba bùpá nítorí pé wolé-wolé pàṣẹ fún un. Dókítà ní láti mọ èrò tó wà lọ́kàn ìyá ọmọ kó tó lè yí i lọ́kàn padà. Ìtanràn àti ìbẹ̀rù, tó jẹ́ irinṣẹ́ wolé-wolé láyé òyìnbó, kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí lábúlé.

Ọdún 1957 yìí kan náà ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn, pẹ̀lú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ibùsùn. Ìdùnnú ńlá ló jẹ́, torí ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní láti lọ parí ẹ̀kọ́ wọn nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ẹni tó lè sọ pé UCH kò wúlò. Àìmọye ẹni tí ikú ti dì mú lọ́wọ́ ló ti gbà padà. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńlá bẹ́ẹ̀ ń jẹ owó bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ. Dókítà tó ti mọ́ lára láti máa fi ẹ̀rọ ńlá ṣiṣẹ́, ó máa ń ṣòro fún un láti lọ jókòó ní abúlé tí kò sí iná. Owó tí wọ́n fi ń bọ́ ilé ìwòsàn kan nílùú lè gbẹ́ kànga fún ọ̀pọ̀ abà, kó sì sanwó agbẹ̀bí wọn. Iyàn yìí kò tíì tán dòní, àti Ìlọrà àti UCH ló sì ní ẹ̀tọ́ tiwọn níbẹ̀.

Ajose nìkan kọ́ ló rí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, dókítà òyìnbó kan, David Morley, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún ní nǹkan bí àsìkò kan náà. Ibẹ̀ ló ti ṣe káàdì tí ìyá fi ń mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ ń sanra tàbí ó ń rù, káàdì náà sì ti dé gbogbo àgbáyé. Nígbà tó di ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn náà gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìgbó-Ọrà ní Ìbàràpá, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń lọ gbé láàárín àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n tó di dókítà.

Ajose ti kúrò ní Ìbàdàn nígbà náà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti pinnu láti dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ṣe gíwá. Oṣù Kẹwàá, ọdún 1962 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ igba ó lé mẹ́rìnlélógójì (244). Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kàwé, títí wọ́n fi kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1967. Láti orí òfo ni Ajose àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó olùkọ́, ìwé àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ṣùgbọ́n sáà tirẹ̀ níbẹ̀ kò rọgbọ. Ìjà òṣèlú tó dá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sí méjì, láàárín Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wọ inú ọgbà yunifásítì. Wọ́n ń wo olùkọ́ bóyá ti ìjọba ló ń ṣe. Àwọn kan pàdánù iṣẹ́ wọn, àwọn kan sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti fi ẹ̀hónú hàn, Wọlé Ṣóyínká sì wà lára wọn. Àbàwọ́n ni àsìkò náà jẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ tuntun yìí, gíwá tó bá sì wà lórí oyè nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì gba tirẹ̀ nínú ẹ̀bi. Ní oṣù Kìíní ọdún 1966, àwọn ológun gbàjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá. Lọ́dún náà ni Ajose kúrò nípò, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwasanmí sì gbà á.

Ọdún 1978 ni Ajose kú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí kan náà, àwọn aṣojú ìjọba kárí ayé péjọ sí Alma-Ata, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Kazakhstan báyìí, wọ́n sì fẹnu kò pé ìlera alábọ́ọ́dé ni ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn lè gbà ní ìlera: omi tó mọ́, oúnjẹ, àjẹsára, ìtọ́jú aboyún àti ọmọ, nítòsí ilé, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn ará ìlú. Ẹni tó bá mọ Ìlọrà yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì di mínísítà fún ètò ìlera lọ́dún 1985, ọ̀nà yìí ló tọ̀, tó fi ń kọ́ ibùdó ìlera káàkiri ìjọba ìbílẹ̀.

Lónìí, Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ méjì, Ọ̀yọ́ náà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ibùdó ìlera wà lábúlé púpọ̀, àmọ́ ilé lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn níbi tí kò bá ti sí nọ́ọ̀sì, oògùn àti iná. Òfin ètò ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kì í gbẹ̀bí. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ará ìlú ni nǹkan dẹrùn fún. Ní àwọn agboolé àtijọ́ tí kànga àti ṣáláńgá ti ń fi ara kan ara wọn, ọmọ tálákà ìlú lè ṣàìsàn ju ọmọ àgbẹ̀ tó ní oúnjẹ lóko lọ. Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé aláìsàn ìlú lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ dókítà, bí ó bá rí owó. Ará oko ní láti kọ́kọ́ rí ọ̀nà, kó rí ọkọ̀, kó tó wá di ọ̀rọ̀ owó.

Ọ̀nà yẹn ni Ajose fẹ́ gé kúrú n'Ìlọrà. Kò gé e tán. Ṣùgbọ́n ó fi han àwọn tó tẹ̀ lé e pé dókítà lè ti Ìbàdàn dìde lọ bá aláìsàn ní ibi tó ń gbé, kó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tó ti ń pọn omi kó tó béèrè ibi tó ń dùn ún.